Owú Onídìrí

Ká ní ẹnìkan sọ fún Onídìrí pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí inú yóò bí i nítorí pé ọmọ rẹ̀ kàwé, ì bá ní kí onítọ̀hún lọ fi omi tútù bọ́jú. Owú tó mọ̀ ni owú àwọn obìnrin tó ń jókòó sórí àga ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Wọ́n á ro ẹjọ́ ọkọ, wọ́n á ro ẹjọ́ ìyàwó àbúrò ọkọ, òun á sì máa ti ẹ̀yìn orí wọn dáhùn pé, "Ẹ fi wọ́n sílẹ̀ jàre," òòyà á máa lọ, òòyà á máa bọ̀. Òun fúnra rẹ̀ gbà pé òun kì í jowú. Kò jowú nígbà tí ṣọ́ọ̀bù ìdìrí tuntun ṣí sí ọ̀kánkán tirẹ̀. Ó jowú díẹ̀ nígbà tí àbúrò rẹ̀ kó wọ ilé ara rẹ̀, ṣùgbọ́n ìyẹn ò pẹ́ lára rẹ̀. Àmọ́ lọ́jọ́ tó rí ọmọ rẹ̀ tó fi orí ti èjìká obìnrin mìíràn, tó ń kàwé sí i létí, ohun kan dìde nínú Onídìrí tí kò mọ̀ pé ó ń gbé ibẹ̀.

Ọmọ kan ṣoṣo ló bí. Pẹ́pẹ́yẹ ni tilé-tọ̀nà ń pè é nítorí bó ṣe ń fì sọ́tùn-ún fì sósì nígbà tó ń kọ́ ìrìn, orúkọ náà kò sì bọ́ lára rẹ̀ títí ó fi di ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Orí ọmọ náà pé. Kò sí oníbàárà tó wọ ṣọ́ọ̀bù tí Pẹ́pẹ́yẹ kò ní lè sọ fún ọ lẹ́yìn náà bóyá inú onítọ̀hún dùn tàbí kò dùn, àti bóyá ohun kan wà tó fẹ́ sọ tó gbé mì. Ṣùgbọ́n gbé ìwé síwájú rẹ̀, gbogbo ọgbọ́n yẹn á sá lọ. Ọ̀rọ̀ tó kà tán lókè ojú ewé, bó bá tún pàdé rẹ̀ nísàlẹ̀, á máa wò ó bí àlejò. Ó ní àwọn lẹ́tà kì í dúró sójú kan. Ìyá rẹ̀ bi í pé báwo wá ni wọ́n ṣe ń dúró fún àwọn ọmọ yòókù.

Ohun gbogbo tí òbí ń ṣe ni Onídìrí ṣe. Ó bẹ̀ ẹ́, ó halẹ̀ mọ́ ọn, ó fi súìtì tàn án, ó nà án lẹ́ẹ̀kan, ó sì sunkún ju ẹni tó nà lọ. Níkẹyìn ó wá dá ọgbọ́n tirẹ̀. Nírọ̀lẹ́, bí oníbàárà bá ti tán, á gbé Pẹ́pẹ́yẹ jókòó sórí àga tó kọjú sí dígí ńlá, á gbé ìwé lé e lẹ́sẹ̀, òun á dúró sẹ́yìn rẹ̀, á máa tú irun rẹ̀, á máa dì í, kí ọmọ máa kà. Kò pariwo mọ́. Bí ọmọ bá kà á ṣì, Onídìrí ò ní wí nǹkan kan, á kàn dúró ni. Pẹ́pẹ́yẹ á sọ òmíràn, á tún sọ òmíràn, títí yóò fi bọ́ sí i. Sùúrù tí òun ní yìí dùn mọ́ Onídìrí nínú púpọ̀. Ó ń sọ fún àwọn oníbàárà rẹ̀ pé, "Lọ́dọ̀ tèmi, ó ń kà á. Ilé ìwé ló ń sọ ọ́ di olódo."

Àwọn ilé ìwé ò bá a jiyàn. Ọ̀gá ibẹ̀ kàn ní kó mú ọmọ náà lọ sí kíláàsì kan tí obìnrin kan ń ṣe ní àárọ̀ Sátidé fún àwọn ọmọ tí ìwé kíkà ń fún ní wàhálà. Tíṣà Onígíláàsì ni àwọn òbí ń pe obìnrin náà, nítorí gíláàsì rẹ̀ nípọn débi pé ojú rẹ̀ máa ń tóbi bí ojú ẹni tí nǹkan ṣẹ̀ṣẹ̀ yà lẹ́nu. Yàrá rẹ̀ kò ní ohun ìyanu kan nínú. Tábìlì kéékèèké ló kún ibẹ̀, pẹ̀lú àga tí orúnkún àgbàlagbà kì í ráyè níwájú rẹ̀, àti fèrèsé tó kọjú sí ibi tí wọ́n ń gbé mọ́tò sí.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó kó gbogbo òbí jọ, ó sì bá wọn sọ̀rọ̀ lórí ìdúró.

"Ọmọ yín kì í ṣe olódo," ó wí. "Kì í sì í ṣe ọ̀lẹ. Ojú rẹ̀ ń rí lẹ́tà bí ojú yín ṣe ń rí i, ṣùgbọ́n ibi tí ọpọlọ tiyín ń gba àbùjá dé, ọpọlọ tirẹ̀ ń gba ọ̀nà jíjìn lọ ni. Ó ń ṣiṣẹ́ ju ọmọ tó jókòó tì í lọ, ẹ̀yin sì ń sọ fún un pé kó túbọ̀ ṣiṣẹ́. Ẹ rò ó wò ná."

Àwọn òbí rò ó. Bàbá kan wúkọ́ nígbà tí ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lára. Onídìrí ní tirẹ̀ ń mi orí, ó ń sọ nínú ara rẹ̀ pé òun kúkú ti mọ gbogbo èyí tẹ́lẹ̀.

"Òfin kan ló wà níbí," ni Tíṣà Onígíláàsì wí. "Òbí kankan ò ní jókòó ti ọmọ tirẹ̀. Ẹ máa pààrọ̀ ọmọ. Kì í ṣe pé ẹ burú. Ẹ̀rù ọmọ yín ló ń bà yín, ọmọ kì í sì í lè kàwé níwájú ẹni tí ẹ̀rù ń bà."

Bí wọ́n ṣe fi Pẹ́pẹ́yẹ lé Télọ̀ lọ́wọ́ nìyẹn, tí wọ́n sì fi ọmọ Télọ̀ lé Onídìrí lọ́wọ́.

Télọ̀ jẹ́ obìnrin pẹ̀lẹ́, tí kì í rìn kí iṣẹ́ má wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ó ṣe jókòó báyìí, ó ti fa ṣòkòtò kan yọ nínú báàgì, ó ti ń ṣẹ́ etí rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ jẹ́ ọmọkùnrin kúkurú tó ki pọ́pọ́, wọ́n sì ń pè é ní Kùkùté. Ó ju Pẹ́pẹ́yẹ lọ lọ́dún kan, ṣùgbọ́n bó ṣe ń kàwé, àfi bí ẹni tó ń wa yẹ̀pẹ̀. Níbi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé ìyá àgbà gbé tíì sórí tábìlì, Kùkùté ní ìyá àgbà gbé tíṣà sórí tábìlì. Onídìrí wo Tíṣà Onígíláàsì pẹ̀lú ara rẹ̀ tó sanra, ó rí ìyá àgbà tó ń gbé e, ẹ̀rín sì bọ́ lẹ́nu rẹ̀ kó tó ráyè dì í mú. Ọmọkùnrin náà kọ́kọ́ wò ó bóyá ó ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́. Nígbà tó rí i pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀, òun náà rẹ́rìn-ín, ó padà sídìí ọ̀rọ̀ náà, ó sì kà á dáadáa.

Kí ló kàn án? Bí Kùkùté bá kà á, ó dára. Bí kò bá kà á, kì í ṣe Onídìrí ni wọ́n á máa wò bí wọ́n bá ń pín káàdì èsì ìdánwò ní ilé ìwé. Ó rọrùn fún un láti jẹ́ èèyàn rere níbẹ̀. Inú rẹ̀ ń dùn, ó ń fọwọ́ pa ọmọ ọlọ́mọ lórí, ó ń sọ pé "gbìyànjú ẹ̀ wò," ó sì gbà gbọ́ pé bí òun ṣe rí nìyẹn nílé pàápàá.

Ìgbà náà ló gbójú sókè, tó wo òdìkejì yàrá.

Pẹ́pẹ́yẹ jókòó ti Télọ̀. Ó fi orí rẹ̀ tì í léjìká. Ìwé wà lórí tábìlì, ìka ọmọ náà wà lórí ìwé, ẹnu rẹ̀ sì ń lọ. Kò yára, ó ń dúró, ó ń padà sẹ́yìn, ṣùgbọ́n ó ń lọ. Télọ̀ ò tiẹ̀ wò ó. Etí ṣòkòtò ló ń wò. Bí ọmọ náà bá ka ìlà kan tán, Télọ̀ á ní "ẹn-ẹ́n," bí ẹni tó ń gbọ́ ìròyìn ládùúgbò, abẹ́rẹ́ á sì tún wọlé.

Ohun tó gún Onídìrí lọ́kàn kì í ṣe ìwé náà. Èjìká yẹn ni. Pẹ́pẹ́yẹ kì í fi orí ti òun bẹ́ẹ̀. Bó bá ń kàwé fún òun, ńṣe ni ọrùn rẹ̀ máa ń le. Onídìrí mọ̀, nítorí ọwọ́ rẹ̀ ló máa ń wà ní ọrùn náà.

Láti ọjọ́ yẹn ni ìyọnu ti bẹ̀rẹ̀. Gbogbo ọ̀rọ̀ ilé di "Ìyá Kùkùté ní." Ìyá Kùkùté ní bí lẹ́tà bá ń sáré, kí n fi bébà bo ìlà tó kù. Ìyá Kùkùté ní kò sóhun tó kàn wá pẹ̀lú kíákíá. Ìyá Kùkùté ní òun náà kì í lè ka nọ́ńbà mọ́tò. Onídìrí á yínmú, á ní, "Ìyá Kùkùté mà gbọ́n o," á sì máa pọn omi sínú kẹ́tùlù tó ti kún.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹ̀sùn sí obìnrin náà lẹ́sẹ̀. Ó ní ẹni tó bá ń ránṣọ lójú ọ̀rọ̀ ọmọ ọlọ́mọ, aláìbìkítà ni. Ó ní ohùn pẹ̀lẹ́ rẹ̀ yẹn, ẹ̀tàn ló wà nídìí rẹ̀. Ó wo irun rẹ̀ fínnífínní, ó sì rí i pé ẹni tó dì í fún un kò mọṣẹ́, inú rẹ̀ sì dùn sí èyí fún odidi ìrọ̀lẹ́ kan. Ọkọ rẹ̀, tó ń wa ọkọ̀ akẹ́rù tí kì í sì í pẹ́ nílé, fetí sí i títí oúnjẹ rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán.

"Ìwọ obìnrin yìí," ó wí, "ó jọ pé o ti ní orogún láìjẹ́ pé mo fẹ́ ìyàwó mìíràn."

Onídìrí kò rẹ́rìn-ín. Ó kó abọ́ kúrò níwájú rẹ̀ nígbà tí ẹran kan ṣì kù nínú rẹ̀.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí kò sí èrò, ta ló ń ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù wọlé? Télọ̀ ni. Ó wo àga, kò jókòó. Ó wo díráyà, ó wo àwọn rola, ó wá wo Onídìrí.

"Ìyá Pẹ́pẹ́yẹ, ẹ kú iṣẹ́. Irun kọ́ ni mo bá wá o."

"Mo rò bẹ́ẹ̀," ni Onídìrí wí, ó sì ń wo irun náà.

"Ọ̀rọ̀ Kùkùté ni. Kí lẹ̀ ń ṣe fún un?"

"Báwo ni kí ni mò ń ṣe fún un?"

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Mo ní kó wá kàwé fún mi lánàá. Mo pa ẹ̀rọ, mo gbé iṣẹ́ sílẹ̀, mo jókòó síwájú ẹ̀, mo fún un lójú mi méjèèjì. Ó ní rárá, ó ní Ìyá Pẹ́pẹ́yẹ lòun máa kà á fún. Èmi tí mo bí i." Ohùn pẹ̀lẹ́ náà gbọ̀n díẹ̀. "Mi ò sùn dáadáa. Mo ní kí n wá bi yín léèrè, kí n lè mọ̀ ọ́n ṣe."

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń gbọ́ mi, ibi tó yẹ kí Onídìrí ti di obìnrin náà mú nìyẹn, kí ó sọ pé, "Arábìnrin, ohun tó ń ṣe yín ló ń ṣe mí." Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Inú rẹ̀ dùn ni. Ó dùn wọ̀ ọ́ lára bí omi gbígbóná ṣe ń wọ ẹsẹ̀ tó rẹ̀.

"Èmi ò ṣe nǹkan kan fún un," ó wí. "Mo kàn ń rẹ́rìn-ín ni."

"Èmi náà ò ṣe nǹkan kan fún Pẹ́pẹ́yẹ," ni Télọ̀ wí. "Aṣọ mi ni mò ń rán."

Òótọ́ pọ́ńbélé ni àwọn méjèèjì sọ, kò sì sí ẹni tó gbà á gbọ́ nínú wọn. Télọ̀ dágbére, ó lọ. Onídìrí dúró síwájú dígí, ó ń gbá irun tí kò sí nílẹ̀. Ó ń ronú pé aṣọ nìkan ni obìnrin yìí fi ń gba ọmọ òun lọ́wọ́ òun. Ṣé òun náà kì í dirun fún ọmọ bó ṣe ń kàwé ni? Ta ló tiẹ̀ kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ ọgbọ́n kí ọwọ́ máa ṣiṣẹ́ kí ọmọ máa kà? Òun ló gbin ín, Télọ̀ ló wá ń ká a.

Nígbà tó fi di Sátidé, ó ti pinnu. Ó dúró de Tíṣà Onígíláàsì lẹ́nu ọ̀nà lẹ́yìn tí kíláàsì tú.

"Mo fẹ́ máa mú ọmọ mi lọ," ó wí. "Ẹ ṣeun. Ó ti ń kà á báyìí. Màá máa bá a lọ nílé."

Tíṣà yọ gíláàsì rẹ̀, ó nù ún. Láìsí gíláàsì, ojú rẹ̀ kéré, ó sì rẹ̀ ẹ́.

"Ìyá Pẹ́pẹ́yẹ, ọmọ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fẹsẹ̀ múlẹ̀ ni. Bẹ́ ẹ bá mú un kúrò báyìí, mi ò mọ̀ bóyá yóò tún gbà fún ẹlòmíì láti gbé ìwé síwájú òun."

"Ọmọ mi ni."

"Ọmọ yín ni, mi ò bá yín jiyàn. Ẹ ṣe nǹkan kan fún mi. Ojú ewé tó kà fún Ìyá Kùkùté láàárọ̀ yìí, ẹ jẹ́ kó kà á fún yín nírọ̀lẹ́. Bó bá kà á fún yín bó ṣe kà á níbí, ẹ má mú un padà wá. Bí kò bá kà á, ẹ jẹ́ ká jọ sọ̀rọ̀."

Onídìrí gbà. Kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ó ti rí ara rẹ̀ tó ń sọ fún Télọ̀ ní Sátidé tó ń bọ̀ pé, "Ẹ ṣeun o, a ò nílò yín mọ́." Ó tiẹ̀ ti yan aṣọ tó máa wọ̀ lọ sọ ọ́.

Ní ìrọ̀lẹ́, ó ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, ó gbé ọmọ rẹ̀ jókòó síbi tó ti máa ń jókòó, ó gbé ìwé lé e lẹ́sẹ̀. Ó tú irun àárín orí rẹ̀, ó sì mú òòyà.

"Ó yá. Kà á fún mi bó o ṣe kà á fún un."

Pẹ́pẹ́yẹ bẹ̀rẹ̀. "Ajá... náà... sùn..."

Lọ́jọ́ mìíràn, orí ni Onídìrí máa ń wò, níbi tí òòyà ti ń la irun. Ṣùgbọ́n lónìí ó fẹ́ rí i bí ẹnu ọmọ náà ṣe ń lọ, bó ṣe rí i lọ́dọ̀ Télọ̀. Ó gbé ojú kúrò lórí irun, ó wo inú dígí. Ojú rẹ̀ bá ojú ọmọ rẹ̀ pàdé níbẹ̀.

Ọmọ náà kò wo ìwé. Ìka rẹ̀ ló wà lórí ìwé. Ojú rẹ̀ wà nínú dígí, lójú ìyá rẹ̀, ó sì dúró síbẹ̀ gbagidi.

"Wo ìwé," ni Onídìrí wí.

Pẹ́pẹ́yẹ wolẹ̀. Ó rí ọ̀rọ̀ kan, ó sáré gbójú sókè. "Sí?" Ó wo dígí. Ó wolẹ̀, ó gbójú sókè. "Abẹ́?"

Ó gbà á. Abẹ́ ni. Ajá náà sùn sí abẹ́ àga. Mi ò mọ ohun tó wọ Onídìrí lórí lásìkò yẹn, òun náà ò sì lè sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ó mọ̀ọ́mọ̀ fajú ro. Kò wí nǹkan kan, ó kàn jẹ́ kí ẹnu rẹ̀ wálẹ̀ díẹ̀ ni, bíi ti ẹni tí nǹkan kò tẹ́ lọ́rùn.

Kíá ni ọmọ náà ju ọ̀rọ̀ náà nù.

"Orí," ó wí. Ó wo ojú ìyá rẹ̀. "Ẹ̀yìn. Ajá náà sùn sí ẹ̀yìn..." Ó tún wò ó. "Iwájú? Ẹ̀gbẹ́? Màámi, ẹ̀gbẹ́ ni?"

Ó fi ajá náà yí àga ká tán. Ibi tí ajá wà gan-an, tí òun fúnra rẹ̀ ti kọ́kọ́ rí i, kò padà síbẹ̀ mọ́, nítorí ojú ìyá rẹ̀ ti sọ fún un pé kò sí níbẹ̀. Ọrùn rẹ̀ le lábẹ́ ọwọ́ Onídìrí bí igi.

Òòyà bọ́ lọ́wọ́ Onídìrí, kò sì bẹ̀rẹ̀ mú un. Gbogbo ìrọ̀lẹ́ tó ti fi ń yin ara rẹ̀ fún sùúrù wá ń kọjá lọ níwájú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò pariwo, òótọ́ ni. Kò nílò àtipariwo. Lọ́dọ̀ tèmi, ó ń kà á. Kí ni ọmọ náà ń kà? Ojú ìyá rẹ̀ ló ń kà, ó sì mọ̀ ọ́n kà débi pé kò sí ìlà kan lójú rẹ̀ tí ó ṣàjèjì sí i. Bẹ́ẹ̀ ojú tí òun rò pé òun ti fi pamọ́ sẹ́yìn orí ọmọ ni dígí ń gbé ka iwájú ọmọ náà lójoojúmọ́, ó tóbi, iná sì tàn sí i.

Àánú ọmọ náà ṣe é. Ó fa àga àwọn oníbàárà tó ń dúró, ó jókòó. Owú náà ṣì wà níbẹ̀ o, ẹ má tan ara yín. Ó ṣì ń dùn ún pé obìnrin mìíràn ló ń gba ohun tó yẹ kó jẹ́ tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ó mọ ohun tó kàn.

"Sátidé tó ń bọ̀," ó wí, "wàá padà sọ́dọ̀ Ìyá Kùkùté."

Pẹ́pẹ́yẹ pa ìwé dé.

"Ṣé mo ti sú yín ni?"

"Èwo ni pé o ti sú mi?"

"Ẹ ní kí n kà á fún yín, mi ò mọ̀ ọ́n kà, ẹ tún fẹ́ dá mi padà fún wọn." Kò sunkún. Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ti mọ̀ ọ́n tipẹ́. "Mo kúkú mọ̀ pé Kùkùté lẹ fẹ́ràn."

"Ta ló sọ ìyẹn fún ọ?"

"Mò ń wò yín lọ́ọ̀ọ́kán. Bí Kùkùté bá kà á ṣì, ẹ máa ń rẹ́rìn-ín. Ẹ máa ń rẹ́rìn-ín gan-an, ẹ sì máa fọwọ́ pa á lórí. Bí èmi bá kà á ṣì..." Ó fi ìka méjèèjì fa etí ẹnu ara rẹ̀ wálẹ̀, ó sì jẹ́ kí ojú rẹ̀ kú. Ó ṣe é dáadáa. Onídìrí rí ara rẹ̀ lójú ọmọ náà bí kò ṣe rí i rí nínú dígí kankan.

Ní gbogbo Sátidé tí òun fi ń wo èjìká Télọ̀ tí inú òun ń ru, ọmọ òun náà jókòó sí òdìkejì yàrá kan náà, ó ń wo ẹ̀rín tí òun ń fi ta ọmọ ọlọ́mọ lọ́rẹ, inú tirẹ̀ náà sì ń ru. Ó jọ pé nínú ẹbí àwọn, ńṣe ni wọ́n ń jogún owú.

"Pẹ́pẹ́yẹ," ó wí níkẹyìn, "owú Ìyá Kùkùté ló ń jẹ mí."

Ọmọ náà yíjú padà lórí àga, ẹnu yà á. "Ìyá Kùkùté? Nítorí kí ni?"

"O fẹ́ràn rẹ̀. O máa ń fi orí tì í."

"Ó máa ń pẹ́ kí wọ́n tó tú wa sílẹ̀, oorun sì máa ń kùn mí ni." Ó rò ó díẹ̀ sí i, nítorí ọmọ tó máa ń fẹ́ sọ òótọ́ ni. "Mo fẹ́ràn wọn. Ṣùgbọ́n wọn kì í tiẹ̀ wò mí."

"Mo mọ̀," ni Onídìrí wí. "Mo ti rí i."

Àbọ̀ orí Pẹ́pẹ́yẹ wà ní dídì, àbọ̀ yòókù dúró ṣánṣán. Nígbà tó ṣe, ó sọ̀kalẹ̀ lórí àga tó kọjú sí dígí, ó wá jókòó sórí èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀, ó sì tún ṣí ìwé náà.

"Tí mo bá kà á ṣì, ṣé ẹ máa rẹ́rìn-ín?"

"Mi ò mọ̀," ni Onídìrí wí. Ohun tó dára jù lọ tó sọ fún ọmọ náà lọ́dún yẹn nìyẹn. "Ẹ̀rù rẹ máa ń bà mí. Màá gbìyànjú."

Pẹ́pẹ́yẹ fi ìka sí ìlà náà. "Ajá... náà..." Ó dúró. Ó gbé e wò. "Ajá náà jẹ àga."

Bóyá ó mọ̀ọ́mọ̀ ni, bóyá kò mọ̀ọ́mọ̀, ìyá rẹ̀ ò mọ̀ títí dòní. Onídìrí mọ̀ ọ́n lára nígbà tí ohun tó máa ń dìde láyà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dìde, ohun tó ń sọ pé ọdún mẹ́sàn-án rèé, kí ni ọmọ yìí máa dà. Ó wá rí ajá kan tó fi ẹsẹ̀ àga há ẹnu, tó ń jẹ ẹ́ lọ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ń lé e, ẹ̀rín sì bú jáde lẹ́nu rẹ̀, ó pọ̀ débi pé omi bọ́ lójú rẹ̀.

Ọmọ náà ò bá a rẹ́rìn-ín. Ó wo ojú rẹ̀. Ó wò ó pẹ́, ó ń wá ohun tó bá sá pamọ́ sábẹ́ ẹ̀rín náà, bó ṣe máa ń wá a lójú gbogbo oníbàárà. Onídìrí jẹ́ kó wò ó tán. Kò yíjú, kò sì fi ọwọ́ nu omi ojú rẹ̀.

Nígbà náà ni Pẹ́pẹ́yẹ mí kanlẹ̀, ó wá bébà kékeré kan, ó fi bo àwọn ìlà tó kù, ó sì bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó pẹ́ gan-an lórí ajá, ó pẹ́ lórí àga, kò sì tún gbójú sókè wo ìyá rẹ̀ mọ́ títí ó fi kà á dé òpin ìlà náà.